Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Ẹṣin Láìra Ìjánu

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Warri, Effurun àti gbogbo agbègbè yìí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí máa dun àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ẹ ń pè ní "upgrade" ni. Mo ń ta sípéà páátì nítòsí Warri Port, ojú mi sì ń rí nǹkan. Ẹ jókòó láàárín géètì pọ́ọ̀tù sí Enerhen Junction fún wákàtí kan péré, ẹ máa rí Mercedes C300 tí wọ́n lẹ C63 mọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n fi gírìlì AMG síwájú, tí wọ́n ki páìpù èéfín mẹ́rin bọ ìdí rẹ̀, tó ń pariwo bíi pé ayé fẹ́ parẹ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin ló jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má rò pé ìlara ló ń bá mi jà o. Bọ́ńpà àti gírìlì wọ̀nyẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, èrè sì wà nínú wọn. Bó bá jẹ́ ti àpò mi ni, ńṣe ni ǹ bá dákẹ́.

Bó bá sì jẹ́ bọ́ńpà nìkan ni, màá ní kí ẹ máa ṣe oge yín lọ. Bọ́ńpà ò pa èèyàn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Ọmọ kan á gbé láptọ́ọ̀pù wá, á fi wáyà so ó mọ́ abẹ́ sítíárìn, á yí ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà. Òun ni wọ́n ń pè ní "remap". Kí ilẹ̀ tó ṣú, tọ́bò ti ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe ní kó ṣe lọ, ọkọ̀ ti ń fò. Ọmọ á wá sọ fún wa pé, "Dádì, kí ni mo fẹ́ fi owó C63 ṣòfò sí? Mo ti sọ tèmi di C63."

Irọ́ ni. Mo tún un sọ, irọ́ gbuu ni.

Ẹni tó ra ọkọ̀ alágbára tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe, apá kan nínú owó rẹ̀, ìjánu ló fi rà. Ṣebí ìjánu náà là ń pe bíréèkì ní èdè wa? Àwọn baba wa tó gun ẹṣin mọ̀ pé ẹni tó ra ẹṣin líle tí kò ra ìjánu tó lè mú un dúró, ikú ló fowó ara rẹ̀ rà.

Ẹ jẹ́ ká ka ẹṣin náà. C300 ti ọdún 2015 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì lítà méjì pẹ̀lú tọ́bò ló ní, agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 241. C63 ti ọdún kan náà ní lítà mẹ́rin, sílíńdà mẹ́jọ, tọ́bò méjì, ẹṣin 469. C63 S ní 503. Kódà C43 tó jẹ́ àárín, tó ní sílíńdà mẹ́fà, ẹṣin 362 ló fi bẹ̀rẹ̀. Remap wo ló máa sọ 241 di 469 tí ẹ́ńjìnnì ò fi ní tú ká sójú títì? Ilé-iṣẹ́ ò sì kàn gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sínú C300 kí wọ́n ní ó tán. Wọ́n fi dísìkì bíréèkì tó tóbi jù sí i, wọ́n fi gíà, àsì ẹ̀yìn àti ṣọ́ọ̀kì mìíràn sí i, wọ́n tún ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde ṣe. Èwo nínú wọn ló wà nínú láptọ́ọ̀pù ọmọ yẹn?

Mo mọ èsì yín. Ẹ máa ní, "AMG fúnra wọn ńkọ́? Ṣebí upgrade ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀?" Òótọ́ ni. Ní 1967, Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher dá a sílẹ̀ ní Jámánì. A ni Aufrecht, M ni Melcher, G ni Großaspach, ìlú tí wọ́n bí Aufrecht sí. Mercedes tí ẹlòmíì ṣe ni wọ́n ń tún ṣe. Ní 1971, wọ́n gbé Mercedes 300 SEL ràgàjì kan, tí wọ́n ti fẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti lítà 6.3 sí 6.8, lọ sí eré ìdíje wákàtí 24 ní Spa ní Belgium, ó sì gba ipò kejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ilé-iṣẹ́ Mercedes ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó dá dúró. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n tún un tò, wọ́n sì fi wákàtí mẹ́rìnlélógún dán an wò lójú gbogbo ayé. Tiyín ńkọ́? Láti Jakpa Road dé Airport Road lẹ fi dán an wò, ẹ sì ní iṣẹ́ ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo ṣá. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yín ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni Volkswagen Golf. Golf GTI ti 2015 ní Amẹ́ríkà ní ẹṣin 210, Golf R ní 292, ìdílé ẹ́ńjìnnì lítà méjì kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá remap GTI dáadáa, á sún mọ́ R gan-an lórí eré. N ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tọ́bò R tóbi ju ti GTI lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fi ń wa ilẹ̀. GTI, méjì iwájú nìkan. Dísìkì iwájú R fẹ̀ tó mìlímítà 340, ti GTI lásán jẹ́ 312. Tí òjò Warri bá wá rọ̀, tí omi bo títì, táyà iwájú méjì ni ẹ fẹ́ fi gbogbo agbára yẹn lé. Ẹ ti jí ẹṣin R gbé, ẹ fi ẹsẹ̀ méjì àti ìjánu rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìṣirò kan tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdírì. Bí eré bá kúrò ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan tó di 140, ojú á ní nǹkan kékeré ló lé e. Ṣùgbọ́n agbára tí bíréèkì máa pa kí ọkọ̀ yẹn tó dúró á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Páàdì tí ẹ rà ní ẹ̀dínwó, tí ẹ ò mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, òun lẹ fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì yẹn ní ọ̀nà Benin ní alẹ́, níbi tí tírélà ti bàjẹ́ sí ojú ọ̀nà láìsí iná lẹ́yìn? Òfin Road Safety fún ọkọ̀ ilé jẹ́ 100 ní ọ̀nà márosẹ̀, 50 láàárín ìlú. Níbo lẹ ti fẹ́ lo ẹṣin tó kù?

Ọ̀rọ̀ epo náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé epo ń ta oríṣi bẹntiróòlù bíi mẹ́ta, ẹni tó ni Mercedes á sì ra èyí tó ga, nítorí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìdérí ojú táńkì rẹ̀. Níbí, oríṣi kan ṣoṣo là ń rà, ohun tí wọ́n bá gbé wá la ó lò. Ta ló ti gbàgbé oṣù Kejì 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí? Tọ́bò ń fún atẹ́gùn pọ̀ mọ́ra, atẹ́gùn tí a fún pọ̀ sì ń gbóná. Tí epo ò bá lágbára tó, á gbiná kó tó tó àkókò, á máa lu orí písítìnì bí òòlù. Ilé-iṣẹ́ mọ èyí, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè fà sẹ́yìn. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún epo burúkú, fún ooru, fún ọ́ìlì tó ti pẹ́, òun gan-an ni ọmọ onílaptọ́ọ̀pù ń tà fún yín. Ohun tó ti jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀ lẹ tún ń sanwó rẹ̀! Tọ́bò sì ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì nìkan ló gbé e dúró. Ọ́ìlì ayédèrú inú kéègì ha lè gbé e bí?

Àwọn èèyàn wa tó wà ní London mọ̀ pé tí èèyàn bá remap ọkọ̀ tí kò sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ ìjàǹbá. Tí ọkọ̀ bá sì ti pé ọdún mẹ́ta, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, bíréèkì àti táyà wà nínú ohun tí wọ́n ń wò. Àwa ńkọ́? Third party tí a rà nítorí ọlọ́pàá. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ló máa tún tiyín ṣe? Ẹgbẹ́ ni, ìdílé ni, ìyàwó tó ń ta ọjà lábẹ́ oòrùn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó, torí oníṣòwò ni mí. Láti oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba ti ní ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gba bodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi ojú omi. Pọ́ọ̀tù wa wà níbí o, síbẹ̀ Èkó ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wa ń gbà wọlé, tí wọ́n á tún wà á gba Ọ̀rẹ̀ àti Benin wá bá wa. Pọ́ọ̀tù yòówù kó jẹ́, nǹkan kan ni aṣọ́bodè ń wò, ìyẹn VIN, àmì mẹ́tàdínlógún tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára ọkọ̀. Láti 2022 ni wọ́n ti ń fi díye lé ọkọ̀. VIN ò mọ gírìlì, VIN ò mọ bájì. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ẹ ka àmì kẹwàá: F ni 2015, K ni 2019. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé C300 òun jẹ́ 2019, tí ẹ bá F níbẹ̀, ojú nìkan ni wọ́n pààrọ̀ fún un. Ti 2019 gidi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀, ẹṣin 255 ló ní.

Nítorí náà, owó tí ẹ kó sínú upgrade ò ní padà wá. Ẹni tó mọ ọkọ̀ máa yọ ọ́ kúrò nínú iye tó máa san, á tún máa fura pé ẹ ti fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò mọ̀, tó san owó C63 fún C300, ẹ ti lu ú ní jìbìtì, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín nínú ẹgbẹ́.

Ẹnì kan á ní, "Bàbá, kí wá ni ká ṣe?" Tí agbára yín bá ká C63 gidi, tí ẹ lè máa ra páàdì, táyà àti ọ́ìlì tó yẹ ẹ́, ẹ rà á, ẹ kú oríire, ẹ wá gbé mi káàkiri. Tí kò bá ká a, C300 kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹ fi owó upgrade yẹn ra páàdì àti dísìkì tó jẹ́ ojúlówó. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ lẹ́yìn DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tókúnbọ̀ tó ti gbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ má fi gbé ọmọ yín. Ẹ tún rédíétọ̀ ṣe, ẹ pààrọ̀ pílọ́ọ̀gù, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà lásìkò. Ẹ máa rí i pé ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ á sáré ju bí ẹ ṣe bá a lọ.

Mo fẹ́ kí a gbé ohun méjì yẹ̀ wò ní ìpàdé wa. Èkíní, kí owó àjẹṣẹ́kù má ṣe jáde mọ́ fún upgrade ọkọ̀. Owó tí àwọn ìyá wa ń dá kì í ṣe fún ariwo páìpù èéfín. Èkejì, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́, kó fi VIN hàn kí owó tó yí ọwọ́.

Wọ́n ní "Warri no dey carry last", mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kéèyàn ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dé mọ́ṣúárì?

Ẹni tí inú bá bí, ṣọ́ọ̀bù mi ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kó gbé "C63" rẹ̀ wá. A ó tú ẹsẹ̀ iwájú, a ó jọ wo páàdì, lẹ́yìn náà kó wá bú mi.