Ahun Odò Padà Sílé: Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Ọ?

Nínú àlọ́ àwọn bàbá wa, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Ahun. Kò sí ọ̀fìn tí ó jìn sí tí kì í wá ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n ahun odò tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, bọ́ sínú ìyọnu tí ọgbọ́n tirẹ̀ nìkan kò lè yọ ọ́. Àwọn ènìyàn pa á jẹ, wọ́n sì tà á. Wọ́n fa omi àbàtà rẹ̀ gbẹ. Wọ́n tún kó kọ̀ǹkọ̀ ńlá wá láti ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, èyí tí ń gbé ọmọ ahun mì bí ẹni ń gbé òkèlè mì. Nígbà tí ó fi di 1990, nǹkan bí 150 péré ni ó kù.

Ní 1991, àwọn onímọ̀ ẹranko ti ìjọba àti ọgbà ẹranko Woodland Park ní ìlú Seattle bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ìkarahun àwọn abo ahun, kí wọ́n lè tọ ipasẹ̀ wọn dé ibi tí wọ́n yé ẹyin sí. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà, wọ́n sì ń bọ́ wọn nínú ooru fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Ọmọ tí a bá tọ́ báyìí a máa tóbi tó ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń gbé inú odò; ẹnu kọ̀ǹkọ̀ kò gbà á mọ́. Wọ́n wá fi àmì sí etí ìkarahun rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sómi.

Ó ti ju 2,000 lọ tí wọ́n ti dá padà. Síbẹ̀, iye tí a fojú bù pé ó wà láàyè kò ju bí 1,000 lọ. Nítorí pé wọn kò dẹ́kun ṣíṣọ́ wọn, wọ́n rí àrùn kan tí ń jẹ ìkarahun. Abẹ́ ikùn ni ó sábà máa ń wà. Ẹni tí ó bá rí ahun náà tí ń yáàrùn lórí igi yóò rò pé ara rẹ̀ le. Ẹni tí ó bá dojú rẹ̀ délẹ̀ wò ni yóò rí egbò. Èyí tí àrùn náà bá wọ̀ lára púpọ̀, wọ́n a gbé e lọ fún ìtọ́jú, wọ́n a sì dá a padà. Ọmọ bíbí kò ṣòro tó ọmọ títọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn apẹja Nokoué àti ti ọ̀sà Porto-Novo mọ ohun tí àjèjì lè ṣe nínú omi: ewé tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ń dí ọ̀nà ọkọ̀ wọn. Ahun odò sì wà nínú omi tiwa náà. Irú ti Washington a máa lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó yé ẹyin; èyí tí a bá pa lónìí, ọ̀la kọ́ ni a ó rí arọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bá àwọn apẹja àgbà. Ẹ bi wọ́n léèrè etí odò tí ahun ti máa ń yé ẹyin nígbà èwe wọn, àti bóyá ó ṣì ń yé níbẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún rẹ̀ sí i.