Ẹni Tí A Ní Kó Jókòó Sílé, Kí Ni Yóò Jẹ?



Ìgbàkígbà tí àrùn àkóràn bá gbòde, òfin kan náà là ń gbọ́: ẹ wá ṣe àyẹ̀wò, ẹni tí àyẹ̀wò bá mú, kó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Òfin náà dára, àwa kò bá a jà. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí ènìyàn jókòó, tí kò sọ ohun tí yóò jẹ, ìdajì òfin ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, nígbà Kòrónà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pààlà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú ìtòsí wọn ká, èyí tí rédíò ń pè ní cordon sanitaire. Wọn kò sé gbogbo ènìyàn mọ́lé bíi ti ilẹ̀ Faransé. Ààrẹ Talon ṣàlàyé ìdí rẹ̀: oúnjẹ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá, ìjọba kò sì ní owó tí yóò fi bọ́ gbogbo ìlú. Òótọ́ ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́ fún odidi ìlú, òótọ́ ni fún ẹnì kan tí a ní kó jókòó fún ọjọ́ 14. Bíbọ́ ẹnì kan kò sì kọjá agbára wa.

Ẹ wo ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Kétu. Bí àyẹ̀wò bá mú un, tí kò tajà fún ọjọ́ 14, owó òwò á wọnú ìkòkò ọbẹ̀, kò sì ní rí àjọ dá. Kí ni yóò ṣe? Yóò sá fún àyẹ̀wò. Bí ibà bá ń ṣe é, yóò ní ó kàn rẹ òun ni. Ẹlòmíràn á gba ẹ̀bùrú kọjá sọ́dọ̀ ẹbí ní Mẹ̀kọ, àrùn á sì bá a lọ. Wọ́n á ní aláìmọ̀kan ni. Rárá o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Nàìjíríà fi ọ̀nà mìíràn hàn wá ní 2014. Ní oṣù keje ọdún náà, arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ó gba Lomé kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tó súnmọ́ aláìsàn kàn, wọ́n tó bí 900. Wọ́n ń lọ bá wọn nílé, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná sí fún ọjọ́ 21, nítorí àrùn náà lè fara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú. Ìbẹ̀wò náà lé ní 18,000. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Wọn kò dúró de ènìyàn lẹ́nu ibodè nìkan. Wọ́n lọ bá wọn nílé.

Nítorí náà, kí àrùn mìíràn tó dé, kí méèrì kọ̀ọ̀kan ya owó oúnjẹ àwọn tí a bá yà sọ́tọ̀ sílẹ̀. Kí èsì àyẹ̀wò tètè jáde, kó má sì di ọ̀rọ̀ ọjà. Kí wọ́n ṣàlàyé òfin lédè Yorùbá. Ìwé Faransé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò yé ìyá oní-gàrí. Àwa olùkọ́ lè túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n ṣáà pè wá.

Ti wa náà sì wà níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ alájọ dúró de ẹni wọn tó wà ní àdádó. Kí aládùúgbò gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kó sì kí i látòkèèrè. Bí ẹni tí àyẹ̀wò mú lánàá bá jẹun yó, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná lónìí kò ní sá.