Hẹ́dífóònù DJ: báàsì nìkan kọ́

Báàsì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ṣe DJ lóde àríyá fi ń yan hẹ́dífóònù. Èmi ò fara mọ́ ọn. Sennheiser HD 25, tó ti wà láti 1988, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 140 lọ, ohùn rẹ̀ sì já gaara; àmọ́ orí etí ló ń jókòó sí, ó sì máa ń fún èèyàn. Audio-Technica ATH-M40x tó gíráàmù 240, ṣùgbọ́n ó bo gbogbo etí, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti èkíní. Ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ mọ́jú, èyí ni kó rà, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ máa làágùn. Ẹ̀yin òbí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dáwó, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi í sétí fún ìṣẹ́jú 15 ní ṣọ́ọ̀bù.