Ta Ni Yóò Gba Ọmọ Wa Sẹ́nu Iṣẹ́?

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àjọ̀dún yìí, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: àwọn ọmọ Ibido àti àwọn ìlú kéékèèké Rẹ́mọ tó jáde ìwé mẹ́wàá, tí wọn kò rí yunifásítì wọ̀, níbo ni wọ́n ń lọ?

Ọ̀pọ̀ òbí ka iṣẹ́ ọwọ́ sí ìpín ẹni tí ìwé kò yé. Wọ́n gbàgbé pé Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ṣe iṣẹ́ àgọ́ pípa ní Kọ́ríńtì, àti pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni Olúwa wa.

Ṣùgbọ́n a kò ní dá òbí nìkan lẹ́bi. Láyé àtijọ́, ọmọ-iṣẹ́ sábà máa ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí yóò máa bọ́ ọ títí di ọjọ́ òmìnira. Lónìí, ọmọ Ibido tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ṣágámù yóò san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́, yóò sì tún wá owó òmìnira. Bí ó bá gba òmìnira tán tí kò rí irinṣẹ́ rà, ọ̀kadà ni yóò gùn. Gbogbo ọdún tó fi kọ́ṣẹ́ ti ṣòfò nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1978 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ṣágámù. Agbanisíṣẹ́ a máa wí pé, "Bí mo bá kọ́ ọ tán, yóò lọ." Òótọ́ ni, àwọn kan ń lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀gá bá kọ̀ láti kọ́ni, ibo ni wọn yóò ti rí oníṣẹ́ gidi? Ní Jámánì, ọmọ-iṣẹ́ ń pín àkókò rẹ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ló sì ń sanwó fún un. Nílẹ̀ wa, àjọ ITF tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin kàn. Èyí tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ lè gba tó ìdajì padà. Òfin ti mọ̀ pé iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ ni kíkọ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ní ilé-iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù tàbí oko ńlá, ẹ gba ọmọ méjì péré láti abúlé. Ẹ san owó ọkọ̀ wọn. Ní ọjọ́ òmìnira, irinṣẹ́ ni kí ẹ fi ta wọ́n lọ́rẹ, kì í ṣe aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Kí ilé-ẹ̀kọ́ wa sì jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé àdéhùn láàárín òbí àti ọ̀gá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọmọ-iṣẹ́ di ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ní irú àjọ̀dún báyìí, a máa ń dáwó kọ́ ilé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.