"Ikú Yá ju Ẹ̀sín": Ta Ni Òwe Náà Ń Bá Wí?

Bí ọ̀dọ́ kan bá gba ẹ̀mí ara rẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òwe àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti gbé e kúrò ní ìdí rẹ̀. Ní ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ gbọ́dọ̀ kú. Balógun tí a ṣẹ́gun kì í fẹ́ padà wálé wá fojú winá ìtìjú. Oyè ni ó ń béèrè ikú lọ́wọ́ irú wọn. Kí ni ti oyè nínú ọ̀ràn ọmọ ogún ọdún tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tàbí ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ènìyàn tí ó lé ní 720,000 ni ó ń pa ara wọn lọ́dọọdún. Ní 2021, òun ni ó wà ní ipò kẹta nínú ohun tí ó pa àwọn ẹni ọdún 15 sí 29 jù lọ.

Àṣà fi ètùtù lé e lórí, ẹbí a sì fi ẹnu pa á mọ́. Ibà ni wọn yóò pè é.

Òfin pàápàá kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916 fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lélẹ̀, ní abala 327, fún ẹni tí ó gbìyànjú rẹ̀ tí kò kú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé e wá ti fagi lé tiwọn ní 1961. Ghana ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Èkó, nínú òfin tirẹ̀ ti 2011, ní kí ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ wo ìyá tí ó já ọmọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ikú: bí ó bá gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà á, bí ó bá sé e mọ́lé, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀, kí ó tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti sọ ọ́ síta. Ọmọ a ní "Ayé sú mi", àgbà a ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àdúrà ni, ṣùgbọ́n ó pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ kò gbà pé bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni bóyá ó ń ro ikú ni yóò gbìn ín sí i lọ́kàn. Ìbéèrè náà a máa tu ọkàn rẹ̀ lára. Ìtọ́jú sì wà. Ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní 1954, Dókítà Lambo mú kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ìbátan wọn ni ó ń bá wọn gbé, tí ó sì ń se oúnjẹ wọn.