Ta Ló Ní Kí Ẹni Tó Fẹ́ Tẹ̀bà Kọ́kọ́ Bó Gbágùúdá?

Láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àwọn àgbà kan nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà a máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ọ̀lẹ ni ẹni tí kò bá fúnra rẹ̀ kọ́ package tó ń lò láti inú kóòdù ìpìlẹ̀, bí ẹni ń kọ́lé. Mo lòdì sí i pátápátá.

Ẹni tó ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú ló ń bó gbágùúdá, ló ń lọ̀ ọ́, ló ń dì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan, kí ó tó sẹ́ ẹ, kí ó tó yan án. Àwa tí a rà á, omi gbígbóná ló kù. Ta ni yóò pè wá ní ọ̀lẹ?

Ẹ wo NumPy, tí àwọn tó ń fi Python ṣe ìṣirò ń lò. Kóòdù èdè C pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ yóò wá compiler, yóò sì jókòó tì í. Bí iná bá lọ, tí bátìrì kú, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Epo jẹnẹrétọ̀ ń jó lórí ohun tí àìmọye ènìyàn ti kọ́ ṣáájú! Nítorí irú wàhálà yìí ni àwọn ará Python ṣe fọwọ́ sí wheel ní 2013, èyí tí í ṣe package tó ti jinná. Ẹ tẹ èyí:

pip install --only-binary=:all: numpy

Pip kò ní kọ́ ohunkóhun. Bí kò bá rí èyí tó ti délẹ̀, yóò sọ fún yín lójú ẹsẹ̀.

Wọn á ní, ta ló mọ ohun tó wà nínú gàrí ẹlòmíràn? Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́. Ó tú u wò, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n fi pamọ́ sínú xz 5.6.0 àti 5.6.1. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kíkọ́ náà gan-an ni ọ̀tá gbà wọlé. Àwọn tó ń kọ́ package fún ẹ̀dà ìdánwò Debian àti Fedora kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀, wọn kò sì rí i. Kíkọ́ kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tó ń ṣe irinṣẹ́ àmì ohùn fún èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ mi kù sí. Ẹ̀yin lẹ kò gbọdọ̀ fo ìgbésẹ̀ kankan. Ẹ kọ́ ọ, ẹ dán an wò, kí ẹ sì gbé wheel síta pẹ̀lú kóòdù ìpìlẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà kékeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí iná tó lọ.