Okùn Nípọn Kọ́ Ni Béèsì
Sí gbogbo onígìtá béèsì olókùn márùn-ún

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti di òfin láàárín wa: pé bí okùn B bá ṣe nípọn tó ni béèsì yóò ṣe wọlẹ̀ tó. Ẹ wọ ìsọ̀ ohun èlò orin l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, ẹ ní ẹ fẹ́ okùn fún gìtá olókùn márùn-ún. Kí ẹ tó sọ irú gìtá tí ẹ ní, ọlọ́jà á ti na 135 sí yín. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó bá ní 125 ló wà lórí gìtá òun, wọ́n á máa wò ó bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. "Bọ̀dá, èyí fẹ́lẹ́ jù, kò lè fọhùn."

Irọ́ ni. Irọ́ náà ò sì kéré, torí ó ń tẹ ọrùn gìtá, ó ń gbowó lápò ọmọ tí kò tíì rí owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ láti ìgbáradì orin, ó sì ń sọ béèsì di ariwo lásán níbi tí orin ti nílò rẹ̀ jù.

Nọ́ńbà tí à ń pè yẹn, ìnípọn okùn ni, tí wọ́n fi ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì wọ̀n. 135 lé ní mìlímítà 3. Okùn G tó jẹ́ 45 kò ju mìlímítà kan lọ púpọ̀. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ohùn okùn: gígùn rẹ̀ láti orí ọrùn dé bíríìjì, ìwúwo rẹ̀, àti bí a ṣe fà á le tó. B ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 31 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, E ń gbọ̀n bí ìgbà 41. Ẹ fi 125 sí i, ẹ tún un dé B, ìgbà 31 ni. Ẹ fi 135 sí i, ẹ tún un dé B, ìgbà 31 náà ni. Kò sí bí 135 ṣe fẹ́ wọlẹ̀ jù ú lọ. Ohun tó yí padà ni pé 135 ń fẹ́ kí a fa òun le sí i, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ju ti 125 lọ.

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé ohun tó nípọn ló ń wọlẹ̀, kó fọwọ́ kan ojú ìyáàlù. Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́ ni, síbẹ̀ kí àyàn dẹ ọsán díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ibi tí ohùn náà ń lọ.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn onínípọn o, n kò ní fi í pamọ́. Okùn B máa ń dẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Lórí páálí okùn tí 130 wà nínú rẹ̀, ìfàle G máa ń lé ní 40 pọ́ùn, ti B á sì wà ní 30 lé díẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí B le gẹ́gẹ́ bí E 105 ṣe le, ìṣirò á gbé yín dé nǹkan bí 140. Ibi tí èrò wọn ti wá nìyẹn, kò sì burú gẹ́gẹ́ bí ìṣirò. Ìṣòro náà ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ìgbà tí Leo Fender tó ń ṣe gìtá gbé béèsì Precision jáde ní 1951, okùn mẹ́rin ló ní, gígùn okùn sì jẹ́ íǹṣì 34. Kódà nígbà tí ilé-iṣẹ́ Fender ṣe olókùn márùn-ún ní 1965, C ni wọ́n fi kún un lókè, kì í ṣe B nísàlẹ̀. Ó di àárín ọdún 1970 sí 1979 kí àwọn onígìtá béèsì Anthony Jackson àti Jimmy Johnson tó ní kí wọ́n ṣe gìtá tó ní B ìsàlẹ̀ fún àwọn. Jackson kò sì fi ìnípọn okùn nìkan yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó yá, gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó íǹṣì 36 ló ń ta.

Ibi tí ìṣirò àwọn onínípọn ti já nìyí. Okùn B kì í ṣe wáyà kan ṣoṣo. Wáyà kan wà láàárín, lọ́pọ̀ ìgbà ó ní igun mẹ́fà, wọ́n á wá fi wáyà mìíràn wé e ní ìpele-ìpele. Bí wáyà àárín bá ṣe nípọn sí i ni okùn ń gan sí i. Okùn tó gan kì í gbọ̀n bó ṣe yẹ, pàápàá nítòsí bíríìjì, níbi tó yẹ kó ti tẹ̀.

Ẹ ṣe sùúrù fún mi níbí, torí ibí ni gbogbo àríyànjiyàn wà. Bí okùn bá dún, kì í ṣe ohùn kan ló ń jáde. Ìyá ohùn wà ní 31, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè rẹ̀, ní nǹkan bí 62, 93, 124, bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àpótí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn wọn ti ń rẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ dé 40. Ìyá ohùn yẹn, díẹ̀ péré ló ń dé ọ̀dọ̀ ìjọ. Etí wọn ló ń parí iṣẹ́: bí ó bá gbọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n tò létòlétò, ó máa ń gbà pé ìyá wà nísàlẹ̀. Lórí okùn tó gan, àwọn ọmọ kì í dúró sí àyè wọn. Wọ́n á máa fà sókè díẹ̀díẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá ló sì ń ṣìnà jù. Etí á dààmú. Wọ́n á ní béèsì ń dún, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ohùn wo ni ẹ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohùn tó dá múṣémúṣé làwọn ará ìjọ ń pè ní béèsì tó wọlẹ̀.

Ẹ dán an wò lórí gìtá yín. Ẹ tún B sí àyè rẹ̀, ẹ fi ìka kàn án fẹ́lẹ́ lókè fret kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an, kí ẹ tún ta á. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu lórí tuner. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fi ìdè ẹ̀yìn bíríìjì fa ibi tí okùn jókòó lé sẹ́yìn. Lórí gìtá olówó pọ́ọ́kú, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìdè á tán, 135 ò sì tíì bára mu. Ẹ wá wo ibi tí okùn ti kúrò ní orí gìtá bọ́ sí ọrùn: ojú ihò tí wọ́n gé fún 125 tàbí 130 kò gba 135, okùn á gùn ún lórí, ìka á máa jìyà ní fret kìíní. Àwọn kan á ki fáìlì bọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ padà sí okùn tó fẹ́lẹ́, á máa jó nínú ihò.

Bí B yín bá dẹ̀, ẹ wo àwọn ohun mìíràn kí ẹ tó dá ìnípọn lẹ́jọ́. Gìtá tó ní gígùn íǹṣì 35 ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún kún ìfàle okùn kan náà, láìmú un nípọn. Okùn tí wọ́n dín wíwé rẹ̀ kù níbi tó ti kan bíríìjì máa ń tẹ̀ dáadáa níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń hàn ketekete. Bí ọrùn gìtá bá ti tẹ̀ síwájú, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ Allen yí ọ̀pá irin inú rẹ̀ ní ìdámẹ́rin àyíká, kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún yí i. Tí ẹ bá ń fi okùn tuntun sí i, ẹ má jẹ́ kó lọ́, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní igun kó tó di pé ẹ gé e, kí wíwé má bàa tú. Ọwọ́ tí ẹ fi ń ta á ńkọ́? Ẹni tó bá ń gbá B pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí okùn tí kò ní dẹ̀ fún un.

(Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ò tilẹ̀ ta B rí. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé àtàǹpàkò lé, tí gbogbo iṣẹ́ á máa parí lórí E. 135 fún irú wọn, owó ni wọ́n fi ra ibi ìsinmi.)

Ìdájọ́ mi rèé. Fún gìtá íǹṣì 34, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 125 tàbí 130. Fún íǹṣì 35, 125 tó. Ẹni tó bá ń tún okùn wálẹ̀ dé A nìkan ló ní ìdí gidi fún 135. Ẹ má sì fọkàn tán nọ́ńbà tó wà lára páálí nìkan, torí 130 ilé-iṣẹ́ kan lè rọ̀, kí ti òmíràn gan.

Ẹni tí kò bá gbà, kó fi 125 sí gìtá rẹ̀ kó tún un ṣe dáadáa, lọ́jọ́ mìíràn kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún 135. Kó gba ohùn méjèèjì sílẹ̀ láti inú àpótí kan náà, kó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí olùdarí akọrin láìsọ èwo ni èwo. Kó bi í pé èwo ni ó gbọ́ ohùn inú rẹ̀. Èmi ti mọ èyí tí yóò mú.